Ìpín Lubabah

Nínú gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe wòlímà lọ́dún yẹn ní ilé-kéwú àwọn Yorùbá ní Jiddari Polo, Haneefah ni wọ́n fún ní ìpín tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ohun tí wòlímà jẹ́ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ tó parí kéwú á jókòó sórí ẹní níwájú àwọn òbí àti àlejò, ẹnì kan á ka ìpín tirẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkíní dúró sí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Ẹni yẹn ni yóò pa á dé. Bó bá ti pa á dé, wọ́n á ṣe àdúà, oúnjẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Làtíì bàbá rẹ̀, tó ń ta táyà nítòsí Post Office, ti sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. Ọkùnrin kan tó wá yá jáàkì lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti dúró gbọ́ ọ tán, ní Hausa àti ní Yorùbá, kó tó rí jáàkì gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Haneefah nígbà náà. Maiduguri ni wọ́n bí i sí, bí inú bá bí i Hausa ló ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan kéwú, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ilé-kéwú wọn ní àṣà kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹni tó bá kà tán á fi ọwọ́ kan èjìká ẹni tó kàn. Bí wọn kò bá tíì fọwọ́ kàn ọ́, o kò gbọdọ̀ la ẹnu. Bí ẹlòmíràn bá sì bá ọ ka ìpín rẹ, ì báà ṣe Ààfáà fúnra rẹ̀, o kò tíì parí kéwú nìyẹn, àfi kó o dúró di ọdún mìíràn.

Ẹni tí yóò fọwọ́ kan Haneefah ni Lubabah.

Lubabah kì í ṣe ọmọ Yorùbá, Kanuri ni. Òun àti ìyá bàbá rẹ̀, tó ń dín máásà lójúde, ló ń gbé ilé tó fara ti ilé Làtíì. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú igbó lọ bá àwọn tó ń pa èèyàn, ó sì mú ìyàwó àti ọmọ dání. Ìyá kú sínú igbó. Nígbà tó yá, àwọn sójà kó àwọn ọmọdé jáde, wọ́n kó wọn sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti lọ mú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ilé-kéwú àwọn Yorùbá ló sún mọ́ wọn jù, Ààfáà Suhaib kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ òrukàn, ni Lubabah bá di ọmọ kéwú láàárín àwọn ọmọ Yorùbá.

Ilé Haneefah ló ti kọ́ Yorùbá. Mùínátù, ìyá Haneefah, ará Ọ̀ffà ni, nítorí náà Yorùbá Ọ̀ffà ni Lubabah ń sọ, pẹ̀lú ohùn Kanuri lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kí èèyàn báyìí, onítọ̀hún á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Lubabah náà á bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rín ni.

Àwọn ìyá àwọn ọmọ yòókù mọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀, "ọmọ ará igbó" ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó ṣì ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà kò ju kí wọ́n yọ ṣùtì lọ. Wòlímà ló sọ ọ́ di ohun mìíràn, nítorí àlejò ń bọ̀, fọ́tò ń bọ̀, ọmọ náà yóò sì jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ẹni tó là á mọ́lẹ̀ ni Alhaja Amudat, Ìyá Àdínnì mọ́sáláṣí wọn. Aránṣọ ni. Lẹ́yìn ìyá tó bí i, kò sí obìnrin tí Haneefah fẹ́ràn tó o láyé. Láti kékeré ló ti ń lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máṣìnnì rẹ̀, tó ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Gbogbo ìpín tó fẹ́ kà, ẹ̀gbẹ́ máṣìnnì yẹn ló ti kọ́ ọ sórí.

Alhaja Amudat ní ọmọkùnrin kan rí, Láńrewájú. Ọdún tí bọ́ǹbù ń bú gbàù káàkiri, Alhaja rán an lọ ra ẹja gbígbẹ wá ní Baga Road. Kò padà wálé. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, inú igbó kan náà ni wọ́n ti wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú wòlímà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ìyá jókòó ti Ààfáà Suhaib.

"Mi ò ní kí ọmọ yẹn má kéwú o," Alhaja Amudat sọ. "Àmọ́ mi ò lè jókòó kí n máa wo ọmọ ẹni tó pa ọmọ mi, kí n wá máa ṣe àmín sí i. Bó bá jẹ́ dandan ni kó jókòó síwájú, ẹ má retí mi."

Àwọn yòókù kò pàdánù ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹ̀yìn Alhaja, wọ́n sá sí i. Èyí ní òun kò ní mú ọmọ òun wá, tọ̀hún ní kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún àwọn àlejò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ààfáà Suhaib, ọ̀dọ́ ni, ó sì mọ kéwú dáadáa. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè fara da kí ojú àwọn ìyá le sí i. Ó ní kò burú.

Ó pe Haneefah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kejì. "Ìpín Lubabah kò gùn. Kí o kà á pọ̀ mọ́ tìẹ. Rasaq tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò fọwọ́ kàn ọ́."

"Lubabah ńkọ́?"

"Yóò ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, in sha Allah."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un, Ààfáà?"

Ààfáà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gbé ìtòsí ara yín."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́rùn Haneefah nìyẹn. Nígbà tó dé ilé Lubabah, ọmọ náà ti fọ hìjáàbù funfun rẹ̀, ó sá a sórí okùn, ó dúró tì í, ó ń lé eruku fún un bí ẹni ń lé eṣinṣin.

"Haneefah, wò ó. Ṣé ó funfun tó?"

Haneefah sọ fún un. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀, nítorí náà ó sọ ọ́ wàrà wàrà, ní Hausa, ó sì ń wo okùn aṣọ. Lubabah kò sunkún. Ó ká hìjáàbù náà kúrò lórí okùn bó tilẹ̀ ṣì tutù, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin.

"To," ó ní. "Ba komai. Kò sí nǹkan kan." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wá bá yín pín omi?"

Ìbéèrè yẹn ló gún Haneefah lọ́kàn. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù ú díẹ̀. Ó délé, kò lè jẹun.

"Kí ló dé tí o kò fọwọ́ kan tùwó rẹ?" Mùínátù bi í.

Ó sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Làtíì fi ọwọ́ ha orí. Ọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún gbogbo ẹni tó wá ra táyà, ó wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀.

"Haneefah, ọ̀rẹ́ mi ni ọkọ gbogbo àwọn obìnrin yẹn. Oníbàárà mi sì ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Àwọn èèyàn wa láti Ọ̀ffà ti wọ mọ́tò," Mùínátù sọ. "Kà á, kí o jókòó, ká parí ẹ̀ nírọ̀rùn. Ọmọ mi ni Lubabah, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màá bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀."

"Mọ́mì, kì í ṣe oúnjẹ ló ń wá."

Làtíì fa abọ́ tùwó rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ níyà.

Ní Sátidé, Haneefah lọ gba aṣọ tí Alhaja Amudat rán fún un. Alhaja ní kó wọ̀ ọ́ wò. Alhaja kúnlẹ̀, bí orúnkún ṣe ń dùn ún tó, ó ń wo etí aṣọ náà yíká bóyá ó gún régé.

"O ti dàgbà," ó ní, inú rẹ̀ dùn.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Lubabah kà á. Ọmọ kékeré ló jẹ́ nígbà yẹn, mà."

Ọwọ́ Alhaja dúró lára aṣọ. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ọmọdé ni? Orí mi mọ̀ ọ́n, Haneefah. Àyà mi ni kò gbọ́." Ó dìde. "Bọ́ ọ, kí n bá ọ lọ̀ ọ́."

Haneefah gbé aṣọ náà lọ sílé, ó lẹ́wà débi pé kò fẹ́ wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n ta kánópì sábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú mọ́sáláṣí, wọ́n to àga, wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ. Àwọn ará Ọ̀ffà dé, ẹsẹ̀ wọn wú láti inú mọ́tò, wọ́n ń kígbe pé oòrùn Maiduguri kì í ṣe irú tiwọn. Wọ́n mú Ààfáà àgbà kan dání, arúgbó tó máa ń di ojú bí wọ́n bá ń kéwú, tí àwọn ọmọdé sì ń rò pé ó ti sùn. Alhaja Amudat jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin. Lubabah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ aṣọ ojoojúmọ́, ó ru bàsíà omi inú ọ̀rá, ó ń kọjá láàárín àga, ó ń kí èèyàn ní Yorùbá Ọ̀ffà. Inú àwọn àlejò ń dùn sí i. Wọ́n ń bèèrè ọmọ ta ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tàwàkálítù kà, ó fọwọ́ kan ẹni tó kàn. Ìyẹn kà, ó fọwọ́ kan ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Rasaq kà tirẹ̀ lákàtán, ó fọ́nnu díẹ̀ níparí, ó wá rìn kọjá àyè tó ṣófo láàárín òun àti Haneefah, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

Haneefah dìde. Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó mọ ìpín Lubabah dé ibi pé ó lè kà á lójú oorun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ tó ti tẹ síwájú lórí àga. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó rí Alhaja Amudat tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tó ń fi orí sọ fún un pé kó máa kà á lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Èyí tó kàn kì í ṣe tèmi," ó ní. "Ti Lubabah ni. Òun ló ń pín omi níbẹ̀ yẹn."

Máìkì gbé e dé òpópónà. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá dúró láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ààfáà Suhaib sún mọ́ ọn. "Haneefah, kà á, jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ààfáà. Òun náà mọ̀ ọ́n. Bí mo bá bá a kà á, wọ́n á ní kò parí kéwú, ó sì ti parí ẹ̀."

Mùínátù fi ìbòrí bo ojú. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ààfáà àgbà la ojú.

"Kí ló dá wa dúró?" ó bèèrè. "Ta ni Lubabah yìí? Ṣé ó mọ ìpín rẹ̀?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá," Ààfáà Suhaib dáhùn.

"Kí ló wá ń wá nídìí omi?"

Ààfáà Suhaib wo àwọn ìyá, wọ́n wo òun náà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó lè ní ara ọmọ náà kò yá, ìyẹn ì bá sì tó. Àmọ́ Haneefah ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú máìkì, ó ń wò ó.

"Èmi ni mo ní kó má jókòó, Bàbá," ó sọ. "Mi ò ṣe dáadáa."

Ìgbà yẹn ni Làtíì dìde. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó rìn lọ bá Lubabah níbi tó dúró sí bí òpó, ó sọ bàsíà náà kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Lọ jókòó sí àyè rẹ," ó ní. "Èmi ni màá pín in."

Ó sì pín in lóòótọ́. Ọkùnrin tó ń ta táyà, nínú agbádá tó rán fún ọjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í na omi sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Bí Lubabah ṣe tẹ ẹsẹ̀ sórí ẹní, Alhaja Amudat mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin mélòó kan gbé ìdí sókè díẹ̀ láti tẹ̀ lé e, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbọ́ òórùn ìrẹsì láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tún jókòó. Haneefah wo ẹ̀yìn Alhaja títí ó fi yà, ó sì dùn ún wọ inú egungun.

Lubabah kà. Omi bàsíà ti rin iwájú aṣọ rẹ̀, hìjáàbù tó dé kì í ṣe funfun, àmọ́ ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ gaara, kò yára, kò sì gbọ̀n. Ààfáà àgbà tún ti di ojú, ó ń mi orí. Nígbà tí Lubabah kà tán, ó fọwọ́ kan Haneefah. Ọwọ́ náà tutù nítorí omi tó ti ń pín láti àárọ̀.

Haneefah kà tirẹ̀, ó pa á dé, wọ́n ṣe àdúà, ilẹ̀ kún fún àmín. Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò. Ìyá àgbà Lubabah kò gbọ́ Yorùbá kankan, ó ń dì mọ́ gbogbo ẹni tó bá rí, títí kan oníkẹ̀kẹ́ tó dúró wò wọ́n. Mùínátù fa Haneefah mọ́ra lẹ́yìn ìkòkò, ó ní, "O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí," ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Inú Haneefah dùn, ó dùn gan-an. Àga kan tó ṣófo níwájú nìkan ni kò jẹ́ kó dùn tán.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó lọ sílé Alhaja Amudat. Alhaja wà nídìí máṣìnnì, ó ń rán aṣọ ní ọjọ́ tí kì í ránṣọ. Haneefah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Alhaja, ẹ má bínú sí mi."

"Wọlé." Alhaja kò gbé ojú sókè. "Máìkì yín ń pariwo. Mo gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, nígbà tí ọmọ yẹn ń kà á. Mo fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ mi ò lọ." Ó dá máṣìnnì dúró. "Mo gbàgbé pé mo ń bínú, Haneefah. Mo dúró gbọ́ ọ tán, n kò sì rántí. Ìgbà tí mo wá rántí, ẹ̀rù bà mí. Ìbínú yẹn ló kù sí mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ Láńrewájú. Bí mo bá sọ ọ́ nù, kí ni mo tún ní?"

Haneefah jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Alhaja mú.

"Nígbà tó máa kàn ọ́, mo ti wọ kẹ̀kẹ́," Alhaja sọ. "N kò gbọ́ tìẹ. Gbogbo bí o ṣe ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ọjọ́ tó yẹ kí n gbọ́ ọ ni n kò gbọ́. Dìde, kà á fún mi."

Haneefah dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Kò sí ohun tó wù ú láyé ní wákàtí yẹn ju pé kí inú obìnrin yìí dùn lọ. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Alhaja," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde, "ẹ̀yìn Lubabah ni mo wà. Bí kò bá tíì fọwọ́ kàn mí, mi ò gbọdọ̀ la ẹnu."

Alhaja Amudat wò ó. Ó wò ó pẹ́. Haneefah dúró, ó ń retí kí wọ́n ní kó jáde. Nígbà tó yá, Alhaja na ọwọ́, ó kó àwọn aṣọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì kúrò, ó kó wọn sí orí máṣìnnì, títí tí àyè fi gba ẹni méjì.

"Lọ pè é," ó ní. "Sọ fún un kó bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."